Ọmọ yín ga lóòótọ́, àmọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ mi kan àti ìyàwó ẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa ní Buford níbí. A fún wọn lómi, a ní kí wọ́n wá jẹ iyán, ọkùnrin yìí ní òun ò tíì fẹ́ jẹun. Tí ọmọ Yorùbá bá délé yín tó ní òun ò tíì fẹ́ jẹ iyán, ẹ tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, torí ọmọkùnrin wa yìí la ṣe wá. Ìwọ lo mọ bọ́ọ̀lù yìí wò. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọmọ yìí máa dé NBA àbí kò ní í dé ibẹ̀?" Ìyàwó ẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ló ń wò. Mo mọ̀ pé wọ́n ti jà díẹ̀ nínú mọ́tò kí wọ́n tó dé.

Ọmọ ọdún 16 lọmọ náà. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7, ipò fọ́wọ́ọ̀dù ló sì ń gbá nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ti sọ fún bàbá ẹ̀ pé wúrà ló bí sílé. Ohun tí bàbá wá fẹ́ ṣe rèé: ó fẹ́ kó lára owó ìfẹ̀yìntì tó ń tù jọ níbi iṣẹ́, ó lé ní $30,000. Ó fẹ́ fi sanwó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó máa ń kó àwọn ọmọ káàkiri Amẹ́ríkà nígbà ọlidé gígùn, ó fẹ́ fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ àwọn kóòṣì yunifásítì nínú ẹ̀, kó sì fi ìyókù gbé ọmọ kúrò níléèwé ìjọba tó wà, lọ sí iléèwé aládàáni kan ní ìpínlẹ̀ míì. Níbẹ̀, wọ́n á dá a padà sí kíláàsì tó ti kà tẹ́lẹ̀, kó lè dàgbà ju àwọn tó bá ń bá gbá lọ. Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ lọ wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lanu sọ̀rọ̀.

Mo ń kọ èyí torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo òde ìnáwó tá a bá ti lọ ní Gwinnett County, ọmọkùnrin tí orí ẹ̀ bá ti ń sún mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ńṣe làwọn bọ̀dá á máa gbá a lẹ́yìn: "Hakeem wa dé! Ìwọ lo máa kọ́lé fún wa ní Lẹ́kkí!" Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ ò ní í rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nìyẹn.

N ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí June 1994. Lọ́jọ́ 21 oṣù náà ni Super Eagles na Bulgaria ní 3-0 ní Dallas, ìdíje World Cup àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ. Ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 22, ní Houston, nínú Texas kan náà, ni Hakeem Ọlájuwọ́n àtàwọn Rockets na New York Knicks, 90 sí 84, tí wọ́n gba ife NBA. Ọmọ Èkó tó jáde ní Muslim Teachers College, tí àwọn òbí ẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì, tó ti ń gbá handball kó tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì rárá! Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tí NBA ń yàn lọ́dún yẹn. Ipò kẹta ni wọ́n mú Michael Jordan sí. Ẹni tó wà níléèwé girama lásìkò ife yẹn, tó wá di bàbá ọmọ ní Amẹ́ríkà, kí lẹ fẹ́ kó máa rò nígbà tí ọmọ ẹ̀ bá ga jù ú lọ?

Àmọ́ àwọn tó ń pe orúkọ Hakeem kì í pe Michael Olowokandi mọ́ ọn. Èkó ni wọ́n ti bí òun náà, ní 1975, ó dàgbà ní London, ó ti pé ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Ní 1998, Los Angeles Clippers fi òun ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú draft. Ẹ wo àwọn tí wọ́n mú lẹ́yìn ẹ̀ lọ́dún yẹn: Vince Carter ní ipò 5, Dirk Nowitzki ní ipò 9, Paul Pierce ní ipò 10. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di ìràwọ̀. Olowokandi gbá a títí di 2007, wọ́n sì ń fi orúkọ ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ àṣìṣe di òní. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà yẹn, iṣẹ́ wọn nìyẹn o, owó oṣù ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, wọ́n ní dókítà, wọ́n ní fídíò. Tí àwọn yẹn bá lè ṣì í wò tó bẹ́ẹ̀, kí ni ti èmi àti ìwọ tá a jókòó sí pálọ̀?

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká má lọ jìnnà. Láti Buford sí Norcross, tí mọ́tò ò bá há lórí I-85, kò ju bí ogún máìlì lọ, Gwinnett County kan náà ni. Ní Norcross High School, àwọn ọmọ Yorùbá méjì jọ gbá bọ́ọ̀lù pọ̀, fọ́wọ́ọ̀dù làwọn méjèèjì: Gani Lawal àti Al-Farouq Aminu. Iléèwé yẹn gba ife ìpínlẹ̀ Georgia ní 2007, ó tún gbà á ní 2008. Lawal ṣe tán ní 2007, ó lọ sí Georgia Tech, ó lo ọdún mẹ́ta. Aminu ṣe tán ní 2008, ó lọ sí Wake Forest ní North Carolina, ó lo ọdún méjì. Ní June 2010, alẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n pe orúkọ àwọn méjèèjì. Clippers mú Aminu sí ipò 8. Phoenix Suns mú Lawal sí ipò 46.

Iléèwé kan náà, ipò kan náà, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ẹ wá wo bí ọ̀nà ṣe pín. Lawal gbá ẹyọ ìdíje kan péré ní NBA. Orúnkún ẹ̀ bàjẹ́ ní 2011, ó sì kọrí sí Yúróòpù. Ó gbá ní Poland, ó gbá ní Italy, ó wà nínú ẹgbẹ́ Milan tó gba ife Italy ní 2014. Àwọn kan á ní kò ṣe é. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi bọ́ọ̀lù jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣe é. Àmọ́ kò sí bàbá tó ń jókòó sí pálọ̀ tó ń lálàá Poland. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé tí wọ́n bá ń pe orúkọ Aminu, kí wọ́n máa pe ti Lawal tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Aminu gan-an ló yẹ ká jókòó tì, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kọ́ni bí wọ́n ṣe ń wo fọ́wọ́ọ̀dù ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́dún kejì ẹ̀ ní Wake Forest, ó ń ju pọ́ìntì 15.8 wọlé nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gba bọ́ọ̀lù 10.7 tó bá ta lára agbọ̀n. Tó bá na apá méjèèjì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3. Èyí tó dáa nìyẹn. Ìbéèrè tí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ń bi ara wọn ni pé: fọ́wọ́ọ̀dù wo gan-an ni? Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù láti máa bá àwọn oníṣan jà lábẹ́ agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó bá jù láti òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, kò sì lè máa ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bíi ti àwọn kéékèèké. Clippers ní apá gígùn yẹn tó fún àwọn, ìyókù á yé e tó bá yá. Ẹni tí wọ́n mú tẹ̀ lé e ní ipò 9 ni Gordon Hayward. Ipò 10, Paul George. Àwọn méjèèjì ló di All-Star, Paul George tiẹ̀ di ọ̀kan nínú fọ́wọ́ọ̀dù tó dáa jù lọ nígbà tiẹ̀.

Nítorí náà, àwọn kan máa ń sọ pé Clippers ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní December 2011, wọ́n ti fi Aminu sínú àwọn tí wọ́n kó fún New Orleans kí Chris Paul lè wá sí Los Angeles. Ẹlòmíì á ti parẹ́ níbẹ̀. Ọmọ yìí ò parẹ́. Ó fi iṣẹ́ tí ẹnì kan kì í pàtẹ́wọ́ fún jẹun: kó dúró ti ẹni tó gbóná jù lọ lọ́dọ̀ ọ̀tá, kó gba bọ́ọ̀lù tó bá ta, kó sáré padà. Ó lọ sí Dallas ní 2014, owó tó gbà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Lẹ́yìn ọdún kan, Portland fún un ní mílíọ̀nù $30 fún ọdún mẹ́rin. Ibẹ̀ ló ti wá ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè láìbẹ̀rù, tó ń ju pọ́ìntì 10.2 wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Orlando fún un ní mílíọ̀nù $29 fún ọdún mẹ́ta ní 2019, àfi bí orúnkún tún ṣe dé ní November ọdún yẹn. Ọdún 2021 ló parí ní NBA. Ọdún mọ́kànlá! Kì í ṣe ìràwọ̀, àmọ́ ilé ẹ̀ ò jò.

Nǹkan míì wà tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá a sí i. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Aládé, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù ní Georgia Tech àmọ́ tí ẹgbẹ́ NBA kankan ò mú nínú draft, ni wọ́n jọ wọ aṣọ Nàìjíríà ní Olympics London 2012, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọkùnrin wa dé ibẹ̀ nínú básíkẹ́ẹ̀tì. Amẹ́ríkà na wọ́n ní 156 sí 73, ojú ń tì mí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ní 2015, ní Tunisia, Aminu wà nínú àwọn tó na Angola tí Nàìjíríà fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo san gbogbo ìtìjú yẹn padà lọ́jọ́ náà.

Ó yá, ọmọ ti ọ̀rẹ́ mi.

Buford tá a wà yìí, football ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń búra. Pápá tí iléèwé girama ìlú yìí ṣí ní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù $60 tí wọ́n ná lé e. Nítorí náà, tí ọmọ bá ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì níbí, ariwo ò pọ̀ létí ẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn dáa fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ wò ó, pọ́ìntì 24 ló jù wọlé. Bàbá ẹ̀ ń wo ojú mi ní gbogbo ìgbà. N ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó ga jù lọ nínú àwọn tí wọ́n jọ gbá kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3 lọ. Tí mo bá gbé ẹrù kílò márùn-ún lé irin tá a ṣe fún ẹgbẹ̀rún kílò, tí irin ò tẹ̀, ṣé mo ti dán irin wò nìyẹn?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pàdé àwọn ọmọ tó ga bíi tiẹ̀. Pọ́ìntì 9 ló rí. Inú bàbá bàjẹ́. Inú tèmi dùn, torí ọjọ́ yẹn ni mo tó rí ọmọ náà. Mo kọ̀ láti máa wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn nìkan ni mo ń wò, pàápàá tí bọ́ọ̀lù ò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, ó ń sáré padà, kì í dúró bú rẹfirí. Nígbà tí ọmọ kékeré kan tó yára bí ọ̀kẹ́rẹ́ dojú kọ ọ́, ó tẹ orúnkún wálẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e, kò jẹ́ kó kọjá. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ gàdàgbà. Àmọ́ mo tún rí i pé ọwọ́ òsì ẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dí ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ọn, ńṣe ló ń dúró bí ẹni tó pàdánù kọ́kọ́rọ́ ilé.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀fẹ́ ni mo ń kà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń jù láìsí ẹni tó dúró síwájú ẹni. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ju 22, 12 ló wọlé. Àwọn òbí wa kì í ka ìyẹn sí. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ń kà á sí gan-an, torí kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sí ariwo àbùlà, ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ò bá lè fi meje wọlé nínú mẹ́wàá níbẹ̀, ó ṣòro kó tó máa ju ti òkèèrè wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lóde òní, fọ́wọ́ọ̀dù tó ga ní 6 àti 7 tí ò lè jù ú láti òkèèrè, ẹnu ọ̀nà tó kù fún un ti tóóró. Ẹ ti rí i pé ìgbà tí ti Aminu bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni owó ńlá dé.

Lẹ́yìn náà, mo pe ọmọ náà sí gáréèjì mi, mo ní kó na apá méjèèjì lára ògiri, mo fa téèpù yọ. Bàbá ẹ̀ ní, "Ẹnjiníà, ṣé agbádá lo fẹ́ rán fún un ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, tòun ti ìyá ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ni. Íǹṣì méjì péré ló fi ju ìga ẹ̀ lọ. Ti Aminu, íǹṣì mẹ́fà. Ẹni tí apá ẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ga ju bó ṣe ga lọ. Mo tún ní kí wọ́n bi dókítà ọmọ bóyá eegun ẹ̀ ṣì ń dàgbà, torí àwòrán ọwọ́ lásán lè sọ ìyẹn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bi kóòṣì tó ń gbowó lọ́wọ́ yín.

Ìgbà yẹn ni bàbá mú Giannis jáde. Mo ti ń retí ẹ̀. "Giannis ńkọ́? Ta ló mọ Giannis?" Lóòótọ́, Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá ẹ̀ kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ di Antetokounmpo. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá, Milwaukee mú un sí ipò 15 ní 2013, ó sì gba ife ní 2021, ó ju pọ́ìntì 50 wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí lára ẹ̀ lọ́mọ ọdún 18. Ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tóbi bí àwo, ló ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láti ìpẹ̀kun pápá dé ìpẹ̀kun, tó ń rí ẹni tó yẹ kó fún lójú ọ̀nà. Èyí tá à ń sọ yìí, ọwọ́ òsì ẹ̀ ò tíì mọ ilé. Kì í ṣe èébú. Ohun tó wà nílẹ̀ ni mo sọ.

Ẹ wá gbọ́ iye tí wọ́n jẹ́. Nǹkan bí 540,000 ọmọkùnrin ló ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì níléèwé girama ní Amẹ́ríkà. Gbogbo yunifásítì tó wà nínú NCAA, ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àyè tó wà níbẹ̀ kò pé 20,000. Draft NBA, 60 ló pọ̀ jù lọ́dún, àwọn ọmọ France, Serbia àti Australia sì wà nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ 30, èèyàn 15 nínú ìkọ̀ọ̀kan, 450 nìyẹn, àwọn tó ti wà níbẹ̀ ò sì ní í dìde fún ọmọ yín nítorí pé ó jẹ́ ọmọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá a padà sí kíláàsì ló bí mi nínú jù. Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kọkànlá. Òfin GHSA tó ń darí eré ìdárayá níléèwé Georgia ni pé ìgbà ikẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ni ọmọ ní láti ìgbà tó bá ti wọ kíláàsì kẹsàn-án, òun náà nìyẹn. NCAA náà ń kà á láti ìgbà yẹn. Wọ́n fẹ́ kọ́ọ̀sì pàtàkì 16, mẹ́wàá nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí kí ọdún ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, àmì ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 2.3 lọ fún ìpele àkọ́kọ́. Ẹ lè tún kíláàsì ṣe kí ara ọmọ lè le, àmọ́ ẹ ò lè tún aago ìwé yẹn ṣe. Mo bi bàbá ọmọ mélòó ló kù nínú 16 yẹn. Kò mọ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ náà ò sọ fún un.

Owó ńkọ́? Bàbá ní ayé ti yí padà, owó ò dúró de NBA mọ́, òótọ́ ló sì sọ. Láti 2021, àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì lè fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó. Láti July 2025, yunifásítì gan-an lè san owó fún wọn tààrà. Ní Atlanta níbí, Overtime Elite ti ń sanwó fún àwọn ọmọ tí ò tíì pé 20 láti 2021, àwọn ìbejì Thompson méjèèjì sì ti ibẹ̀ lọ sí ipò 4 àti 5 nínú draft 2023. (Tí ọmọ yín bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan irú owó bẹ́ẹ̀, torí ó lè ba ìwé ìgbélùú ẹ̀ jẹ́.) Àmọ́ ẹ kíyè sí ibi tí owó yẹn ń gbà. Ọ̀dọ̀ ọmọ ló ń lọ. Ọmọ tí wọ́n bá ń wá lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlidé tí Nike àti Adidas ń ti lẹ́yìn ló ń san owó ọkọ̀ àti owó hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń sanwó, oníbàárà ni ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́ fún un. Mo ní bí mo ṣe rí ọmọ yìí lónìí, NBA ò sí lójú mi. Yunifásítì ìpele kejì, mo rí i kedere. Ìpele àkọ́kọ́, níléèwé tí kì í ṣe ìlú mọ̀-ọ́n-ká, ó ṣeé ṣe tó bá ju ọ̀fẹ́ wọlé, tí ọwọ́ òsì sì là. Yúróòpù lẹ́yìn ìyẹn, bóyá. Mo ní mo lè ṣì í wò, àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ti ṣì í wò rí. Àmọ́ àṣìṣe tèmi ò ní í ná an ní kọ́bọ̀, $30,000 ni tọkùnrin yẹn.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ńkọ́?" Mo ní owó yẹn á wà níbi tó wà, mo sì máa ra bọ́ọ̀lù tuntun fún un. Inú ẹ̀ ò dùn. Ìyàwó ẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé òun ló borí, torí ó ti sọ fún gbogbo ayé pé pharmacy lọmọ náà máa kà. Mo kọjú sí òun náà. Mo ní, "Ẹ má bínú o, Màámi, ẹ ò jàre náà." Ọmọ tó ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀ torí bọ́ọ̀lù, tí àmì ẹ̀kọ́ ẹ̀ ń lọ sókè lásìkò tí wọ́n bá ń gbá ìdíje torí pé kóòṣì ò ní í jẹ́ kó wọlé tó bá fìdí rẹmi, ẹ fẹ́ gba bọ́ọ̀lù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ fi kí ni rọ́pò ẹ̀? Ó ní, "Ó dáa. Ta nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ti bi ọmọ fúnra ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi í. A pè é wọlé láti gáréèjì. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò mọ ohun tó ṣẹ̀. Nígbà tí bàbá ẹ̀ bi í, ó kọ́kọ́ wo ìyá ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Ó ní òun ò mọ̀ nípa NBA. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé òun ò fẹ́ kúrò ní Buford lọ sí ìpínlẹ̀ míì.

Ọ̀rẹ́ mi ò pè mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé ó ní mo ti di òyìnbó. Kò tíì san owó yẹn, kò sì tíì sọ pé òun ò ní í san án. Àmọ́ àárọ̀ Sátidé tó kọjá, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló gbé ọmọ náà wá sí ibi tá a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó jókòó sínú mọ́tò ẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Èmi ń ju bọ́ọ̀lù padà sí ọmọ, ọmọ ń jù ú. Ọ̀fẹ́ 100. 61 ló wọlé. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ déètì sí i.